Ọwọ́ Inú Fídíò Keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Abidjan níbí, bí inú mi kò tilẹ̀ dùn sí yín lónìí. Mo kí Màmá. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Múfú àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Mo kí Àǹtí, ẹ ní kí wọ́n má fi oògùn ẹsẹ̀ wọn ṣeré. Mo kí gbogbo àwọn tó ń bá yín fín igbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ní kí wọ́n kà á fún yín, torí lẹ́tà náà gùn, kò sì ní dùn létí yín.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pè yín lórí fóònù dípò kí n kọ ọ́ síta báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá bẹ̀ yín kò wá ní kọ̀rọ̀. Àgbààgbà mẹ́rin ló wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ọ̀yọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójúde wa, gbogbo àdúgbò ló rí wọn. Ẹ̀bẹ̀ gbangba ni wọ́n bẹ̀, gbangba náà ni n ó ti fèsì. N kò ní dárúkọ ọkùnrin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Pàtírọ́ọ̀nù ni gbogbo àwa dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ lábẹ́ rẹ̀ ń pè é, ìyẹn ni ọ̀gá lédè Faransé, òun náà ni n ó sì máa lò níbí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n.

Ẹ ní kí n fa ìwé tí mo kọ nípa rẹ̀ ya. Ẹ ní ọmọ ilẹ̀ wa ni, ẹ ní ẹ ti gba ẹ̀bẹ̀, ẹ sì ti ṣèlérí lórúkọ mi. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn yóò bi mí bóyá mo ṣì dúró lórí ohun tí mo kọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tiwọn lẹ ti gbọ́, ẹ wá gbọ́ tèmi.

Ọdún kẹrin rèé tí mo dé ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ níbí. Kí n tó dé ibẹ̀ ni Àǹtí, tó tọ́ mi ní Adjamé láti ọmọ ọdún méjìlá, ti fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé ọmọ tiwa ni ọ̀gá tí mo ń lọ bá. Wọ́n ní bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta abọ́ ní Treichville, àdúgbò kan níbí. Inú mi dùn, mo ní mo ti lẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń kó wa kiri láàárín bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn, dókítà mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì mẹ́ta. Nígbà tó kàn mí láti sọ orúkọ mi, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀ kí n tó rò ó. Mo ní ẹ káàárọ̀ sà. Mo tún bi í ní Yorùbá pé agboolé wo ni tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé yín ni mo ti kọ́ ọ, Bàbá, n kò mọ ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà kí àgbà.

Àṣé kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá nínú ilé ìwòsàn náà. Láti ọjọ́ tó ti dáyé ló ti ń jẹ́ ọmọ Treichville, Faransé rẹ̀ dán bíi dígí, àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Anango ni wọ́n ń pe àwa ọmọ Yorùbá ní ìlú yìí. Lẹ́nu ẹlòmíì, orúkọ lásán ni. Lẹ́nu ẹlòmíì, aláìmọ̀wé tó ń ti ẹrù kiri ọjà ló túmọ̀ sí. Èmi ni mo bọ́ aṣọ lára rẹ̀ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò sì mọ̀. Ó dá mi lóhùn ní Faransé pé ilé ìwòsàn kì í ṣe ọjà Adjamé, pé kí n dìde kí n tó fi orúnkún kó kòkòrò. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Anango lẹ́nu rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Anango lòun náà.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ dójú àmì nídìí iṣẹ́ yìí ni pé a ní ìwé kékeré kan, kàné là ń pè é. Bí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ, ọ̀gá á dúró wo ọwọ́ wa, á kọ máàkì sínú kàné, á fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ńlá mẹ́ta wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí èèyàn tó lè jókòó ṣe ìdánwò ìkẹyìn. Mo gba ìfọwọ́sí méjì. Ẹ̀kẹta ni kí a gé ìfun tó bàjẹ́ kúrò, kí a rán ojú méjèèjì pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é níwájú Pàtírọ́ọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ ọ́ pé n kò yege. Ohun kan náà ló máa ń kọ sí abẹ́ rẹ̀, pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Kò parọ́. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Á dúró sẹ́yìn mi, á máa mí sí mi lọ́rùn, á máa ka ìṣẹ́jú sókè bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Á ní kí Anango rọra o, ìfun kì í ṣe àpò ìrẹsì. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n? Síbẹ̀ ìfun kankan tí mo rán kò jò, aláìsàn kankan kò sì bá a lọ. Kò kọ ìyẹn sílẹ̀. Àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti gba ìwé wọn, wọ́n ti di ọ̀gá ní Bouaké àti San-Pédro, èmi ṣì ń fi irin fa ikùn aláìsàn sílẹ̀ kí àwọn àbúrò tó dé lẹ́yìn mi lè ríbi ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé fi kéré. Màmá ti ń rò ó pé mo ní ọkọ tí mo ń fi pamọ́ tó ń jẹ owó mi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò sí.

Yàrá kan ni mo gbà ní Anoumabo látìgbà tí Àǹtí ti padà sílé. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, omi ń wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, mo ti gbé bàtà mi gbogbo sórí àpótí. Nílé, kò sẹ́ni tí mò ń bá sọ Yorùbá àfi èmi àti ara mi, bí mo bá sì jẹ àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí, tán, abọ́ kan ṣoṣo ni mo máa ń fọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ ra ìfun àgùntàn lọ́jà lọ́wọ́ alápatà kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Dyula. Ó rò pé ọbẹ̀ ni mò ń sè tà, ó tilẹ̀ ti bi mí rí ìgbà wo ni òun máa wá jẹ ẹ́. Mo máa ń fọ̀ ọ́, mo máa ń gé e, mo máa ń rán an lórí tábìlì létí fèrèsé. Níbẹ̀, láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi, ọwọ́ mi kò gbọ̀n rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Ibẹ̀ gan-an ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Tẹ́lẹ̀, ẹkún ni mo máa ń sun. Ọjọ́ tí mo wo ọwọ́ ara mi tí kò mì, mo mọ̀ pé ọkùnrin yìí ti jí ọdún jẹ mọ́ mi lára. N kò ní fi pamọ́ fún yín: mo fẹ́ gbẹ̀san. Ó ń wù mí bí ohun kíkan ṣe máa ń wu aláboyún.

Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti rí ọ̀nà rẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ kan bá fẹ́ gba òmìnira lọ́dọ̀ yín, ẹ kì í ṣe ìdájọ́ rẹ̀ fúnra yín. Ẹ máa ń kó igbá tó fín pọ̀ mọ́ tiyín àti ti àwọn yòókù sórí ẹní kan, láìsí àmì. Ẹ ó ránṣẹ́ pe afíngbá àdúgbò kejì, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fín in, á sì tò wọ́n láti orí èyí tó dára jù. Ẹ máa ń sọ pé ojú tó ti mọ èèyàn kò lè wo iṣẹ́. Ó ní ọdún kan tí ọkùnrin náà fi tiyín sí ìkẹta, tó fi ti ọmọṣẹ́ yín sí ìkíní. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ojú yín fi ń ṣomi, ẹ sì tú ọmọ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní Faransé, mo gbé e tọ Màdámú lọ, obìnrin ẹ̀yà Baoulé tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wa. N kò sọ fún un pé lórí ẹní igbá ni mo ti rí i. Mo ní wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá òkè òkun, ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Ó gbà. Wọ́n gbé kámẹ́rà kan sókè tábìlì, tí ń wo ọwọ́ nìkan. Ìbọ̀wọ́ kan náà, aṣọ kan náà dé ọrùn ọwọ́. Olúkúlùkù yóò rán ìfun àgùntàn tí a gé sí méjì, wọn yóò sì da omi sí i bóyá á jò. Akọ̀wé ni yóò fún fídíò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, yóò sì fi orúkọ sínú àpòòwé tí yóò lẹ̀ pa. Àwọn ọ̀gá yóò wá dá jókòó wò ó, wọn yóò fún un ní máàkì láti oókan dé àrún: bó ṣe ń di ẹran ara mú, bóyá ó ń fi ọwọ́ ṣòfò, bóyá ó mọ irinṣẹ́ rẹ̀ lò, bóyá ó mọ ohun tó kàn kó ṣe.

Ohun kan wà tí mo fi kún un, ibẹ̀ ni ìkà mi wà. Mo ní kí àwọn ọ̀gá náà rán tiwọn, kí wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ tiwa láìsọ nọ́ńbà, kí a lè mọ ibi tí iṣẹ́ àgbà dé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń wo Pàtírọ́ọ̀nù láti òdìkejì tábìlì tí mo sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá dé ibi tó gbẹgẹ́, á fa abẹ́rẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, á ní òun ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ afíngbá ni mí, ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ wò láyé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń ṣọ́ ọ. Ìyẹn nìkan ló ń dùn mí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn aláìsàn wà lábẹ́ ọwọ́ yẹn ní gbogbo àsìkò tí mo fi ń ṣọ́ ọ.

Màdámú ló kọ́kọ́ rán tirẹ̀, Pàtírọ́ọ̀nù kò wá lè sọ pé òun ò rán. Wọn kò sọ fún un pé ti àwọn ọ̀gá wà nínú ohun tí wọ́n máa fún ní máàkì. Ó rò pé wọ́n yà á sọ́tọ̀ ni.

Nígbà tó tó oṣù kan àti ààbọ̀, wọ́n pe gbogbo wa jọ sí yàrá ìpàdé, òjò ń lu páànù, akọ̀wé wa tó jẹ́ bàbá àgbàlagbà ń ka máàkì láti orí fídíò kìíní. Nígbà tó dé orí ìkeje, oókan, oókan, oókan ni Pàtírọ́ọ̀nù kọ láti òkè délẹ̀. Ó kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kí ẹni tó ni ọwọ́ yìí má tún mú ọ̀bẹ sí ara ọmọ èèyàn láé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ṣí àpòòwé. Ó ní òun mọ ẹni náà, ó ní ọdún kẹrin rèé tí òun ti ń pariwo rẹ̀, ó sì wo èmi. Gbogbo wọn wo èmi. N kò mọ nọ́ńbà mi, Bàbá, ó lè jẹ́ tèmi lóòótọ́. Akọ̀wé ya àpòòwé, ó wo bébà náà, kò kà á. Ó nà án sí Màdámú. Màdámú kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, orúkọ Pàtírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ni.

Tèmi ni fídíò kejì. Ó fún mi ní àrún lórí ohun gbogbo àfi ẹyọ kan. Ó kọ ọ́ pé ọwọ́ àgbà nìyí, ó balẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà. Ó wù mí kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Màdámú fọwọ́ sí kàné mi lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ni Pàtírọ́ọ̀nù pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ Yorùbá. Ó ń ta kókó, ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Ó pè mí ní ọmọ mi. Ó dárúkọ agboolé wọn, ohun tí mo bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí n bá òun sọ fún Màdámú pé tábìlì ló ń mì. Mo dúró ṣánṣán. Mo dá a lóhùn ní Faransé pé ilé ìwòsàn kì í ṣe ọjà Adjamé, mo sì jáde. Kò sí ohun tí mo jẹ rí tó dùn tó o.

Màdámú pàṣẹ pé kó má dá ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́, pé ẹnìkan ní láti dúró ní òdìkejì rẹ̀ kó máa fún un ní máàkì lórí ìwé kan náà. Ó rán èmi. Obìnrin tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ náà ń ta àtíẹ́kẹ́ ní Anoumabo, ìfun rẹ̀ ló lọ́ pọ̀. Pàtírọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Lẹ́ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ gba ibi tí kò yẹ kó gbà, ẹ̀jẹ̀ sì bo ojú iṣẹ́. Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ abẹ́rẹ́ náà kíákíá, bí ẹni pé ó ti ń retí pé kí ẹnìkan gbà á. Mo parí rẹ̀. Obìnrin náà ti padà sílé, ara rẹ̀ le. Mo kọ máàkì tí mo rí sílẹ̀, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìwé tí ẹ ní kí n fà ya nìyẹn.

Ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ìbínú ló kọ ọ́. Òótọ́ ni, ìbínú wà níbẹ̀, ó pọ̀ pàápàá. Ẹ ní ó ti dàgbà, pé ìtìjú ti tó fún un, pé ká má lé ọ̀tá dójú ikú. Mo gbọ́. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí. Bóyá á ṣe mí lọ́jọ́ kan, n kò mọ̀, kò tíì dé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ kò sọ fún mi, Ẹ̀gbọ́n Múfú ló sọ ọ́ lánàá. Ó ní àwọn àgbà mẹ́rin yẹn kò wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ti gbọ́ pé ìpákè tó wà lára yín ti ń le sí i, pé ẹ kò lè jókòó fín igbá pẹ́ mọ́. Wọ́n ṣèlérí pé bí mo bá ti fa ìwé ya, Pàtírọ́ọ̀nù yóò ránṣẹ́ mú yín wá sí Abidjan, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí Ẹ̀gbọ́n má sọ fún mi.

Bàbá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìbínú sí ọkùnrin yìí kiri, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó kúrò nínú mi, ẹ̀rù lásán ló kù. Mo mọ ibi tí ìpákè máa ń wà. Mo mọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sì mọ ohun tí ọwọ́ yẹn máa ṣe tó bá débẹ̀. N kò ní gbà kó kàn yín. Bí n kò bá wá gbà á fún bàbá mi, bàbá ta ni kí n gbà á fún?

Nítorí náà, lọ́jọ́bọ̀, n ó dìde níwájú ìgbìmọ̀, n ó ní mo dúró lórí ohun tí mo kọ. Ẹ sọ fún àwọn àgbà yẹn pé ẹ bẹ̀ mí, n kò gbọ́. Ẹ ní olórí kunkun ni mí. Ẹ ní ìwé ló bà mí jẹ́. Ẹ gbé e lé mi lórí, ó gbà á. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa palẹ̀ mọ́. Màdámú ni yóò ṣe tiyín, mo ti bá a sọ ọ́, ó sì ti gbà. Ẹ̀gbọ́n Múfú ni kó sìn yín wá, kí ẹ sì má jẹ ohunkóhun láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun, ẹ jọ̀ọ́, torí mo mọ̀ yín.

Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà títí ẹ ó fi dé. Kó dá ẹsẹ̀ Àǹtí padà, kó jẹ́ kí ojú Màmá máa ríran, kó má jẹ́ kí ọ̀bẹ kú lọ́wọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ará iwájú àti ará ẹ̀yìnkùlé. Mo ti fi orúkọ gbogbo yín sínú àdúrà mi lẹ́yìn ìrun lónìí. Ti Pàtírọ́ọ̀nù, mo gbìyànjú, kò jáde lẹ́nu mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíátù